Fọ́tò tí mo fi sínú AutoCAD di àpótí òfìfo ní ilé ìtẹ̀wé, ẹ gbà mí o

ỌmọBódìjà · Ọjọ́ Ajé, 7:40 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ mú mi sunkún. Mo fi AutoCAD, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya plánì, ya plánì ilé oníyàrá mẹ́rin fún ọkùnrin kan tó ra ilẹ̀ sí Mọ́níyà. Mo skáàn ìwé survey (ìwé ìwọ̀n ilẹ̀) rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ plánì náà kí ààlà ilẹ̀ lè hàn, mo sì fi lógò ọ́fíìsì wa sí igun ìsàlẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, gbogbo rẹ̀ ń dán gbinrin. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo kó fáìlì DWG (fáìlì tí AutoCAD ń tọ́jú iṣẹ́ sí) sínú flash, ó di ilé ìtẹ̀wé. Ìgbà tí A1 (bébà ńlá) máa jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ibi tó yẹ kí survey wà, àpótí òfìfo ni, ọ̀rọ̀ wínníwínní kan wá wà láàárín rẹ̀: C:\Users\HP\Desktop\survey.jpg. Lógò nìkan ló jáde, òun náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Owó A1 mẹ́ta ló wọlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́rú ni oníbàárà ń retí mi.

Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Kí ló sì dé tí lógò jáde tí survey ò jáde, nígbà tó jẹ́ pé fọ́tò ni àwọn méjèèjì?

BàbáPlọ́tà · Ajé, 8:05 àárọ̀

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Kò sí ẹni tó ń jẹun nídìí AutoCAD tí ìyà yìí kò jẹ rí. Ìbéèrè tí o bi gbẹ̀yìn yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà.

O kò sọ bí o ṣe mú wọn wọlé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Survey, Attach lo tẹ̀, àbí o tẹ IMAGEATTACH. Lógò, inú Word tàbí WhatsApp lo ti kọ́pì rẹ̀, o wá tẹ Ctrl+V. Ọ̀nà méjèèjì ò bára tan rárá.

IMAGEATTACH kì í gbé fọ́tò sínú DWG. Àdírẹ́ẹ̀sì fọ́tò ló máa ń kọ sílẹ̀, àti ibi tó jókòó sí, bó ṣe tóbi tó, apá ibi tó kọjú sí. Nígbàkúùgbà tí o bá ṣí fáìlì, AutoCAD á gba àdírẹ́ẹ̀sì yẹn lọ wá fọ́tò. Ó dé orí kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé, ó ń béèrè Desktop HP, kò bá ẹnikẹ́ni nílé, ló bá kọ àdírẹ́ẹ̀sì náà sáàárín àpótí kí o lè mọ ẹni tó ń wá. Àwọn atẹ̀wé ò jẹ̀bi. Ìwọ lo gbàgbé fọ́tò sílé.

Ctrl+V ní tirẹ̀ gbé ohun tí o kọ́pì wọnú DWG pátápátá, gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n ń pè ní OLE. Ìdí nìyẹn tí lógò fi bá ọ débẹ̀. Ti dúdú tó dú, màá padà sí i, ẹ jẹ́ kí n lọ bu epo sí jẹnẹrétọ̀ ná.

ÌyáÌbejì_CAD · Ajé, 8:31 àárọ̀

Kí Bàbá tó padà dé, èyí ni wàá kọ́kọ́ ṣe, àbúrò mi.

Ṣẹ̀dá fódà kan fún iṣẹ́ náà. Kó DWG àti survey.jpg sínú rẹ̀, kí wọ́n jọ máa gbé ilé kan náà. Ṣí DWG náà láti inú fódà yẹn, tẹ XREF, Enter. Pátákó kan á ṣí, wàá rí survey nínú rẹ̀. Bí ó bá kọ Not Found sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tẹ orúkọ fọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan, lọ sí ìsàlẹ̀ pátákó níbi tí wọ́n kọ Found At sí, kí o sì fi ibi tí fọ́tò wà báyìí hàn án. Lẹ́yìn náà, tẹ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì ọ̀tún, Change Path Type, Make Relative. Seéfù.

Relative yìí, ohun tó túmọ̀ sí ni pé AutoCAD ò ní máa ka àdírẹ́ẹ̀sì láti C: mọ́. Á máa kà á láti ibi tí DWG fúnra rẹ̀ wà. Bí o bá gbé fódà yẹn lọ sí Kútọ̀nù, wọ́n á ṣì ríra. Láti AutoCAD 2018 ni Relative ti di ohun tó máa ń yàn fúnra rẹ̀, nítorí náà bí tìrẹ ṣì ń kọ C:\Users, yálà ẹ̀dà tìrẹ ti pẹ́, tàbí ẹnìkan ti yí REFPATHTYPE sí 2. Bí ẹ̀dà tìrẹ bá mọ REFPATHTYPE, tẹ̀ ẹ́, kí o fi sí 1.

Ohun kan wà tó máa ń tan àwọn èèyàn jẹ: bí DWG bá wà lórí flash E: tí fọ́tò wà lórí C:, Relative ò lè ṣiṣẹ́. Ilé méjì lọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Bí o bá wá fẹ́ gbé e jáde kúrò nílé, tẹ ETRANSMIT. Á kó DWG, fọ́tò, fọ́ǹtì àti gbogbo mọ̀lẹ́bí wọn sínú zip kan ṣoṣo. Láti ìgbà tí mo ti mọ ETRANSMIT, n kò tíì padà sílé lọ mú fáìlì mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ títẹ̀ nìkan ni ilé ìtẹ̀wé máa bá ọ ṣe, kí ni wọ́n ń fi DWG ṣe? Fún wọn ní PDF. Tẹ PLOT, yan DWG To PDF.pc3, kí o fi ojú ara rẹ wò ó kí o tó jáde nílé. Ohun tó bá wà nínú PDF lorí kọ̀ǹpútà tìrẹ náà ló máa wà lórí bébà tìwọn.

Sángo_Ọ̀tà · Ajé, 9:02 àárọ̀

Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo wàhálà yìí ńkọ́? Ctrl+V ni èmi ń lò láti ọdún mẹ́fà. Mo kọ́pì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó bá mi dé ibikíbi. Ta ló ń kó fódà kiri?

BàbáPlọ́tà · Ajé, 9:20 àárọ̀

Mo ti dé. Sángo, Ctrl+V ò burú fún lógò kékeré. Ṣùgbọ́n gbìyànjú kí o yí fọ́tò tí o lẹ̀ yẹn sí ọ̀tún pẹ̀lú ROTATE. Ó yí? OLE kì í yí. Survey tí àríwá rẹ̀ kò tọ́ sókè, báwo lo ṣe fẹ́ dárí rẹ̀? Àti pé bí o bá lẹ fọ́tò mẹ́wàá tí fóònù yà mọ́ DWG kan, wo bí fáìlì yẹn ṣe máa wúwo tó, wo bí yóò ṣe máa fà bí ìgbín nígbà tí o bá ń sún un. Èyí tí o fi IMAGEATTACH mú wọlé, DWG rẹ ò sanra rárá, torí ọ̀rọ̀ ìlà kan péré ló gbé.

Wàyí o, lógò tó dú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé PNG tí kò ní ẹ̀yìn ni, irú èyí tí ayàwòrán gráfíìkì máa ń fún èèyàn kó lè jókòó sórí àwọ̀ èyíkéyìí. Bí o bá gbé irú rẹ̀ gba Ctrl+V, ibi tí kò sí nǹkan kan, dúdú ló ń dà. Ṣí i nínú Paint kọ́kọ́, rí i pé funfun ti wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ (bí ó bá ṣì ṣófo, fi funfun kún un), kí o tó kọ́pì láti ibẹ̀. Bí ó bá jáde ní wúruwùru lórí bébà, tẹ OLEQUALITY kí o fi sí 2, òun ni ti fọ́tò gidi.

Tàbí kí o fi IMAGEATTACH mú PNG náà wọlé, yàn án, lọ sí Properties, kí o fi Background Transparency sí On. Ẹ̀yìn rẹ̀ á lọ, ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì hàn.

AgéGeètì_CNC · Ajé, 9:47 àárọ̀

Fún lógò, èmi ò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì. Geètì àti ilẹ̀kùn ni mo ń gé pẹ̀lú CNC (ẹ̀rọ ìgé tí kọ̀ǹpútà ń darí), ẹ̀rọ mi ò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní fọ́tò. Ìlà nìkan ló mọ̀. Bí oníbàárà bá fi fọ́tò geètì ránṣẹ́ láti Pinterest, mo ní láti sọ ọ́ di ìlà kó tó gé e.

Inkscape, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ni mo ń lò, ọ̀fẹ́ ni. Mo fa lógò sínú rẹ̀, mo lọ sí Path, Trace Bitmap, mo sún Threshold síwá sẹ́yìn títí etí rẹ̀ fi mọ́, mo wá seéfù rẹ̀ bíi DXF (fáìlì ìlà). Mo ṣí DXF yẹn nínú AutoCAD, mo fi HATCH SOLID kún inú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ di block (ohun kan ṣoṣo). Láti ọjọ́ náà, lógò yẹn ti di ìlà bí ògiri àti fèrèsé. Kò ní àdírẹ́ẹ̀sì tó máa sọnù, kò lè dú, ó yí, ó tóbi, ó kéré, ó ṣì mọ́ lórí A0. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lo máa ṣe é láyé rẹ.

Kìkì pé kí o má gbé lógò kékeré inú WhatsApp fún un. Bí fọ́tò bá rí bí ẹni tó wọ aṣọ lésì, ìlà tí Inkscape máa fà á máa gbọ̀n bí ewé. Béèrè èyí tó tóbi lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é.

ÌyáÌbejì_CAD · Ajé, 9:55 àárọ̀

WhatsApp! Ẹ ṣé tí ẹ rán mi létí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ìwé tó skáàn ránṣẹ́ sí yín, ẹ sọ fún un pé Document ni kó fi rán an, kì í ṣe Gallery. Gallery máa ń fún fọ́tò mọ́lẹ̀ títí nọ́ńbà bearing (igun tí ìlà ààlà kọjú sí) á fi di eruku. Fọ́tò iPhone tó bá parí sí HEIC, AutoCAD ò mọ̀ ọ́n; WEBP tí ẹ bá fà sílẹ̀ láti íntánẹ́ẹ̀tì náà bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ wọ́n di JPG tàbí PNG kọ́kọ́.

Awọnlẹ̀31 · Ajé, 12:16 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o. Orí pápá ni mo wà láti àárọ̀. Ọ̀rọ̀ ibi tí fọ́tò ń gbé ti yanjú, ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí lẹ́rù kò tíì jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. ỌmọBódìjà, báwo lo ṣe mú kí survey yẹn bá plánì mu ní ìwọ̀n?

ỌmọBódìjà · Ajé, 12:24 ọ̀sán

Mo fà á tóbi títí tí ojú mi fi gbà pé ó bá a mu ni, sà.

Awọnlẹ̀31 · Ajé, 1:10 ọ̀sán

Mo fura bẹ́ẹ̀. Jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Jẹ́ ká ní ìwé survey yẹn jẹ́ 1:500, tí o sì skáàn rẹ̀ ní 300 dpi (píksẹ́lì 300 nínú ínṣì kan). A4 kan á fún ọ ní píksẹ́lì 2480 sí 3508. Ínṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4. Pín in sọ́nà 300, píksẹ́lì kan gba nǹkan bíi mìlímítà 0.085 lórí ìwé. Sọ ọ́ di ìlọ́po 500, ó di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lórí ilẹ̀. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n wo ìlà ààlà fúnra rẹ̀ lórí ìwé. Bí ó bá nípọn tó ìdajì mìlímítà, sẹ̀ǹtímítà 25 ni lórí ilẹ̀. Ó fẹ̀ ju búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án lọ! Ìlà tí o ń wò yẹn, odidi fẹ́ǹsì lè sá pamọ́ sínú rẹ̀. Etí wo lo máa wọ̀n láti ibẹ̀, ti inú ni àbí ti ìta? Aládùúgbò tó ń wá ìjà ò ní gba àlàyé ìlà tó nípọn.

Torí náà, a kì í wọn ilẹ̀ lára fọ́tò survey. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ìwé la ń lò, fọ́tò kàn ń bá wa ṣe ẹlẹ́rìí ni. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

Tẹ UN (UNITS). Lábẹ́ Angle, yan Deg/Min/Sec, fi àmì sí Clockwise. Tẹ Direction, yan North. Ìdí ni pé AutoCAD máa ń bẹ̀rẹ̀ kíka igun láti ìlà-oòrùn, á sì gba apá òsì yí i, nígbà tó jẹ́ pé àríwá ni àwa awọnlẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, tí a ń gba apá ọ̀tún. Bí o kò bá yí i padà, ilẹ̀ rẹ á dojú kọ ibi tí Ọlọ́run ò fi í sí.

Wàyí, tẹ PL (PLINE) láti fa ìlà ààlà. Tẹ nọ́ńbà píllà (òpó ààlà) àkọ́kọ́, easting (iye rẹ̀ sí ìlà-oòrùn) ṣáájú, northing (iye rẹ̀ sí àríwá) tẹ̀lé e. Jẹ́ ká sọ pé plọ́ọ̀tì náà jẹ́ 18 sí 36 mítà, irú èyí tó pọ̀ ní ìhà wa, tí bearing àkọ́kọ́ sì jẹ́ 135°24′. Wàá tẹ @36<135d24' Enter, @18<225d24' Enter, @36<315d24' Enter, C Enter. Ìlà ìkẹyìn gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 18. Tẹ LI (LIST) kí o wo area (fífẹ̀ ilẹ̀) rẹ̀: 648. Bí ó bá yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ sí ìwé, nọ́ńbà kan lo ṣì tẹ̀.

Nígbà tí ìlà bá ti jókòó, lo máa wá mú fọ́tò wá bá a, kì í ṣe pé kí o gbé ilẹ̀ lọ bá fọ́tò. Tẹ AL (ALIGN). Yan fọ́tò, Enter. Sún mọ́ píllà kan nínú fọ́tò títí ó fi kún ojú rẹ, tẹ àárín rẹ̀ gan-an. Tẹ igun tó bá a mu lára ìlà tí o fà. Píllà kejì, yan èyí tó kọjú sí ti àkọ́kọ́ ní kọ̀rọ̀, torí bí méjèèjì bá ṣe jìnnà síra tó ni àṣìṣe ọwọ́ rẹ máa kéré tó. Enter láti fo ẹ̀kẹta. Á bi ọ́ bóyá kí òun yí ìwọ̀n padà: Y.

Lẹ́yìn èyí, wo píllà méjì tó kù tí o kò fọwọ́ kàn. Bí wọ́n bá jókòó sórí igun wọn, ó parí. Bí wọ́n bá yà tó ìdajì mítà, ìwé ló ká nígbà tí wọ́n ń skáàn rẹ̀, tàbí fóònù ni wọ́n fi yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. AL kò lè tún ìyẹn ṣe, torí òró àti ìbú ló jọ ń fà pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Lọ skáàn rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó ní gíláàsì.

Sángo_Ọ̀tà · Ajé, 1:38 ọ̀sán

Ọ̀gá Awọnlẹ̀, ẹ má bínú. Mo ṣe gbogbo èyí lóṣù tó kọjá, mo mú fọ́tò wọlé, ó pòórá. Mo tẹ Z, E kí gbogbo nǹkan lè hàn, mo kàn rí ojú pátákó dúdú àti àmì bíńtín méjì ní kọ̀rọ̀.

Awọnlẹ̀31 · Ajé, 1:52 ọ̀sán

Kò pòórá. O fi sí 0,0 ni, bó ṣe máa ń rí fún ẹni tí kò bá fọwọ́ tọ́ka. Ilẹ̀ rẹ wà ní UTM zone 31 (UTM ni ìlànà nọ́ńbà tí a fi ń tọ́ka ibi lórí ilẹ̀ ayé). Ìbàdàn, bí àpẹẹrẹ, wà ní nǹkan bí 600000 east, 817000 north, ní mítà. 0,0 zone yẹn wà láàárín òkun, lórí ìlà agbedeméjì ayé, nísàlẹ̀ Gánà. Ilẹ̀ rẹ wà lókè, fọ́tò rẹ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú Atlántíìkì, jíjìn wọn sì ju kìlómítà ẹgbẹ̀rún kan lọ. Nígbà tí ó bá bi ọ́ níbi tí o fẹ́ fi sí, sún mọ́ ilẹ̀ rẹ kọ́kọ́, kí o wá fi mọ́ọ̀sì tọ́ka.

Àwọn tó ń lo Civil 3D tàbí Map 3D, àwọn ẹbí AutoCAD, ní àṣẹ MAPIINSERT. Bí fọ́tò bá ní fáìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó sọ ibi tó wà lórí ilẹ̀, .tfw tàbí .jgw, á jókòó sáàyè rẹ̀ fúnra rẹ̀. AutoCAD lásán kì í ka fáìlì yẹn.

ÌyáÌbejì_CAD · Ajé, 2:15 ọ̀sán

Kí ẹ sì rántí pé mítà ni survey, mìlímítà ni plánì ilé lọ́wọ́ èyí tó pọ̀ nínú wa. Bí o bá kọ́pì ilé sórí ilẹ̀ lásán, ilé yẹn á tóbi bí odidi ìlú. Ilé ni kí ẹ fi SCALE sọ di 0.001. Ẹ má sọ survey di ìlọ́po 1000 o. Nọ́ńbà rẹ̀ á gùn débi tí ìlà á máa gbọ̀n lójú yín. Ìwé survey àtijọ́ tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.3048: 100 sí 50 di mítà 30.48 sí 15.24.

Dessinateur_Àjàṣẹ́ · Ajé, 3:03 ọ̀sán

Mo kí gbogbo yín láti Pọ́tò-Nófò. Inú mi dùn pé mo rí èyí ní Yorùbá. AutoCAD tiwa ń sọ Faransé, bí mo bá tẹ IMAGEATTACH, á ní òun kò mọ̀ ọ́n.

BàbáPlọ́tà · Ajé, 3:11 ọ̀sán

Ẹ káàbọ̀, ará ilé. Ẹ fi ìlà ìsàlẹ̀ síwájú rẹ̀: _IMAGEATTACH. Bẹ́ẹ̀ ni fún gbogbo àṣẹ, _XREF, _ALIGN, _PLOT. Bí ó ti wù kí èdè AutoCAD jẹ́, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí àmì yẹn bá ṣáájú. Ẹ̀yin náà wà ní zone 31, nítorí náà ìṣirò Awọnlẹ̀ bá yín mu.

Arákùnrin_Òde · Ajé, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá, níwọ̀n ìgbà tá a ti wà lórí fọ́tò: mo ní PDF plánì kan láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, òǹtẹ̀ àkítẹ́ẹ̀tì wà lára rẹ̀. Mo fẹ́ gé òǹtẹ̀ yẹn kí n fi sí plánì tuntun. Mo ti fi PDFIMPORT, àṣẹ tó ń mú PDF wọ AutoCAD, gbìyànjú, ó wọlé bíi fọ́tò, ṣùgbọ́n funfun ẹ̀yìn rẹ̀ kò fẹ́ lọ.

BàbáPlọ́tà · Ajé, 5:58 ìrọ̀lẹ́

Mo mọ bí funfun yẹn ṣe ń lọ, n kò sì ní sọ. Òǹtẹ̀ tí nọ́ńbà ARCON (ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn àkítẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní Nàìjíríà) wà lára rẹ̀, orúkọ èèyàn alààyè ni. Kò rí plánì tuntun yìí, kò mọ bí òpó rẹ̀ ṣe tó, o sì fẹ́ kó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun fọwọ́ sí i. Gbé plánì rẹ lọ bá a, kó wò ó, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Á gbowó, bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn náà lo máa fi sínú owó tí o máa pè fún oníbàárà.

Awọnlẹ̀31 · Ajé, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ti survey náà ńkọ́. Mo ti rí ìwé tí wọ́n fi orúkọ mi sí lórí ilẹ̀ tí n kò tẹ̀ rí. Ọjọ́ tí wọ́n pè mí pé kí n wá tọ́ka píllà hàn ni mo tó mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́.

Arákùnrin_Òde · Ajé, 6:33 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má bínú, mo ti gbọ́. Màá lọ bá a.

Ṣùgbọ́n kí PDFIMPORT má báa tan ẹlòmíràn jẹ: ó ń sọ PDF di ìlà bí ó bá jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣe PDF ọ̀hún. Bí ó bá jẹ́ bébà tí wọ́n skáàn, fọ́tò ló máa fún yín, á sì fi PNG rẹ̀ pamọ́ sí fódà kan. Ẹ wá fódà yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àpótí òfìfo ti ỌmọBódìjà ń bọ̀ wá bá yín.

Ọmọ_Yaba3D · Ajé, 9:12 alẹ́

SketchUp, ètò mìíràn tí wọ́n fi ń ya ilé, ni mo ń lò ní tèmi, ó ń gbé fọ́tò mì sínú fáìlì .skp, kò sí wàhálà àdírẹ́ẹ̀sì. Ẹ lọ sí File, Import, ẹ yan Image. Ìwọ̀n ńkọ́? Ẹ fi Tape Measure wọn ohun kan tí ẹ mọ gígùn rẹ̀, ẹ tẹ gígùn gidi, Enter, á bi yín bóyá kí òun yí gbogbo rẹ̀ padà. Revit, òun náà ètò tí wọ́n fi ń ya ilé, ní méjèèjì, Import Image ń gbé e wọlé, Link Image ń tọ́ka sí i. Google Earth Pro náà dára fún fọ́tò àdúgbò, kò gbowó mọ́ láti 2015, ṣùgbọ́n ẹ fi mọ sí wíwo ojú ọ̀nà àti orúlé aládùúgbò. Ẹ má fi wọn ààlà.

Awọnlẹ̀31 · Ajé, 9:30 alẹ́

Ó ṣeun tí o sọ ìyẹn kí n tó sọ ọ́.

ỌmọBódìjà · Ọjọ́rú, 10:48 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti padà láti ilé ìtẹ̀wé.

Ilẹ̀ yẹn kì í ṣe 18 sí 36. Igun rẹ̀ márùn-ún ni. Mo tẹ bearing márààrún bí Ọ̀gá Awọnlẹ̀ ṣe sọ, kò pàdé. Mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò pàdé. Ó kù díẹ̀ kí n pe surveyor tó ṣe é. Mo wá sún mọ́ skáànù náà, mo rí i pé ohun tí mò ń kà sí 8 láti ọjọ́ yìí, 6 ni. Mo yí i padà, ó pàdé, area rẹ̀ sì bá ti ìwé mu. Mo wá fi AL mú fọ́tò wá bá a. Plánì tí mo ti yà tẹ́lẹ̀, igun sọ́kàwéè ti wọ ilẹ̀ aládùúgbò ní ogójì sẹ̀ǹtímítà. Ara mi kọ́kọ́ tutù. Mo ti ti ilé náà sẹ́yìn kí oníbàárà tó rí i.

Lógò, mo gba ti AgéGeètì, Inkscape. Ó mọ́ fínífíní. PDF ni mo gbé lọ.

Ohun kan ló kù: ìlà onígun mẹ́rin kan tẹ̀ jáde yí survey ká. Oníbàárà bi mí bóyá fẹ́ǹsì ni.

BàbáPlọ́tà · Ọjọ́rú, 11:02 àárọ̀

IMAGEFRAME, fi sí 2. Wàá máa rí i lójú kọ̀ǹpútà, kò ní tẹ̀ jáde. Má fi sí 0, torí nínú ẹ̀dà àtijọ́ bíi tìrẹ, mọ́ọ̀sì rẹ ò ní lè mú fọ́tò mọ́, wàá sì tún padà wá sunkún síbí.

ỌmọBódìjà · Ọjọ́rú, 11:09 àárọ̀

Ó ti lọ, sà. Mo ti tún PDF ṣe.